Ọjọ́ Tí Ọ̀gá Kurimoto Dá fún Òdòdó

Kò sí ẹni tí kò mọ Ọ̀gá Kurimoto ní àdúgbò wa. Ọdún mẹ́rìndínlógójì gbáko ló fi ṣiṣẹ́ rélùwéè, bẹ́ẹ̀ kò wa ọkọ̀ rí, kò sì já tíkẹ́ẹ̀tì rí. Yàrá tí wọ́n ti ń ṣètò aago tí ọkọ̀ máa dé àti aago tí ọkọ̀ máa gbéra ló jókòó sí. Bí ọkọ̀ kan bá fi ìṣẹ́jú méjì pẹ́ níbi kan lọ́hùn-ún, oúnjẹ ọ̀sán kì í lọ geere lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, a bá a yọ̀, a ní ọ̀gá ti ṣiṣẹ́ tó, ó yẹ kó sinmi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọkùnrin yìí kò sinmi o. Àwa ló kọjú sí.

Ẹgbẹ́ àdúgbò wa máa ń lọ wo òdòdó igi sakura lọ́dọọdún, òdòdó tí kì í lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí ewé tó gba ipò rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, kò sí wàhálà kankan níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti rí i pé àwọn igi etí odò ti tanná, á pariwo, oníkálùkù á gbé ọtí ìrẹsì àti oúnjẹ inú àpótí rẹ̀ dání, a ó tẹ́ tapólì búlúù, a ó bọ́ bàtà, a ó jókòó, àwọn àgbà á kọrin tí kò dùn létí, ó parí. Àfi ìgbà tí Ọ̀gá Kurimoto nawọ́ sókè nípàdé, tó ní òun á máa bá wa ṣètò rẹ̀. A pàtẹ́wọ́ fún un, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe é nínú wa. Bí a ṣe fọwọ́ ara wa ṣe ara wa nìyẹn.

Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ ọ́ dà? Ó ra ìwé kan tó nípọn, ó fi rúlà fa ìlà sí i. Aago tí a máa wọ bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Ẹni tó máa jókòó ti ẹnì kejì wà níbẹ̀. Ìtọ̀ pàápàá wà níbẹ̀: obìnrin mẹ́rìnlá, ilé ìtọ̀ mẹ́ta, ìṣẹ́jú mọ́kànlá, kò sì sí ààyè fún ẹni tí inú bá ń run. Ètò náà pé pérépéré. Nǹkan kan ṣoṣo ni kò sí nínú rẹ̀, òdòdó. Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ̀ka gbígbẹ la bá. Lọ́dún kejì, ewé. Lọ́dún kẹta, yìnyín bò wá mọ́lẹ̀. Lọ́dún kẹrin a rí òdòdó, kí n má purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n orí òkè kejì ló wà, níbi tí bọ́ọ̀sì wa kò lọ. Lọ́dún karùn-ún, ewé. Gbogbo ìgbà náà la ń gbójú sókè wo igi tí kò ní nǹkan kan lórí, tí a ń sọ pé, "Áà, ó mà rẹwà o! Ẹ kú ètò o, Ọ̀gá Kurimoto!" Bí a ṣe ń ṣe níbi tiwa nìyẹn. Bí èèyàn bá ṣe làálàá nítorí rẹ, o kì í sọ fún un lójúkojú pé pàbó ló já sí.

Fumie lorúkọ ìyàwó rẹ̀. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n tó bá ti dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, kí o yáa wá ibi sá gbà. Abúlé Nirasawa, lórí òkè Nagano, ni wọ́n ti bí i. Nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ tó ti kàwé, tí wọ́n ti tì pa nítorí pé kò sí ọmọdé mọ́ lábúlé, igi sakura kan wà níbẹ̀ tó dàgbà ju ìyá ìyá rẹ̀ lọ. Ìgbà ìwọ́wé ni Kurimoto wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, igi náà sì wà níhòòhò. Fumie mú un lọ síbẹ̀, ó fi ẹ̀ka hàn án, ó ní, "Tó bá tanná, o máa rí i. Mo fẹ́ ká jọ dúró sábẹ́ ẹ̀, èmi àti ẹ." Ọkọ ìyàwó ní, "Ọdún tó ń bọ̀, láì yẹ̀."

Ọdún mọ́kànlélógójì nìyẹn o. Oṣù kẹta ni rélùwéè máa ń gbé ètò àkókò tuntun jáde, oṣù kẹrin ni wọ́n máa ń tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe, oṣù kẹrin náà sì ni igi Nirasawa ń tanná. Kí ni èèyàn pàtàkì máa ṣe? Ìgbà tó sì fẹ̀yìn tì, ẹgbẹ́ àdúgbò bọ́ sí ipò rélùwéè. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Fumie ní kí wọ́n kó ẹgbẹ́ lọ sí Nirasawa, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn pé ilé ìtọ̀ ibẹ̀ kò tó.

Ìparí ọdún tó kọjá ni Shigeru, ọmọ àbúrò bàbá Fumie tó ṣì ń gbin ápù lábúlé, pè é lórí fóònù. Ó ní inú igi náà ti jẹrà, ẹ̀ka ńlá kan ti wó lulẹ̀, abúlé sì ti fẹnu kò pé àwọn máa gé e lóṣù kẹfà kó tó pa èèyàn. Òdòdó tọdún yìí ni yóò jẹ́ ìkẹyìn.

Fumie gbé fóònù sílẹ̀, ó wọ yàrá lọ bá ọkọ rẹ̀. "Bàbá Chinatsu," ó ní. Chinatsu ni ọmọbìnrin wọn tó ti wà nílé ọkọ. "Wọ́n fẹ́ gé igi mi."

"Igi wo?"

"Èyí tó ò ń pè ní ọdún tó ń bọ̀."

Ojú ti Kurimoto. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé ojú ti òun débi pé òun ò lè gbórí sókè. Ó ní, "Ó dáa. Lọ́tẹ̀ yìí a máa lọ. Gbogbo àdúgbò ni mo máa kó lọ, màá sì ṣètò ẹ̀ débi pé àṣìṣe kankan ò ní wọ̀ ọ́."

"Èmi àti ẹ nìkan ò kúkú lè lọ?"

"Kí àdúgbò wá gbọ́ pé a yọ́ lọ? Ìyá Chinatsu, gbé ọ̀rọ̀ yẹn jù nù."

Nínú òtútù oṣù kìíní, Kurimoto gba ọjọ́ tí igi náà ti ń tanná láti ogún ọdún sẹ́yìn lẹ́nu Shigeru, ó rò ó pọ̀, ó pín in, ó wá dá ọjọ́ fún òdòdó: ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹrin. Ó kọ ọ́ sórí ìwé, ó fi há pátákó àgbékiri, ó gbé e jáde. Pátákó yìí, ilé dé ilé ló ń lọ. Wàá kà á, wàá tẹ òǹtẹ̀ orúkọ rẹ sí i, wàá gbé e fún aládùúgbò rẹ. Kó tó kárí ilé mẹ́tàlélógún, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á ti lọ, nítorí pé Bàbá Nezu, alága wa, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, máa ń gbàgbé rẹ̀ sẹ́yìn agbòjò fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n tó bá ti lè kárí, ó tán. Ohun tí òǹtẹ̀ ilé mẹ́tàlélógún bá wà lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í tú u wò mọ́. Ilé tiwa náà tẹ̀ ẹ́.

Òǹtẹ̀ pé. Bọ́ọ̀sì ti wà nílẹ̀. Kurimoto ti fẹ́ máa sinmi. Àṣé ojú ọjọ́ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa, kò sì tẹ òǹtẹ̀ kankan.

Ooru bẹ̀rẹ̀ láti àárín oṣù kejì. Kurimoto ní ìṣirò kan tó fọkàn tán ju ìyàwó rẹ̀ lọ: láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì, kọ ooru tó mú jù lójoojúmọ́ sílẹ̀, máa rò ó pọ̀, lọ́jọ́ tó bá pé ẹgbẹ̀ta, òdòdó àkọ́kọ́ á là, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo igi á tanná yẹ́yẹ́. Nítorí ìdí èyí, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán gẹ́lẹ́ lójoojúmọ́, á pe Shigeru pé kó lọ wo ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru tó gbé kọ́ sára abà rẹ̀.

"Mẹ́rìndínlógún àti ààbọ̀, ọ̀gá," Shigeru á ní. "Ṣé mo lè padà sídìí ápù mi báyìí?"

"Ṣé o dúró tàbí o bẹ̀rẹ̀ nígbà tó o wò ó?"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbóhùn yín sílẹ̀, àwọn adìẹ ń bẹ̀rù."

Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kẹta, ìṣirò ti sọ̀rọ̀. Kurimoto rò ó lẹ́ẹ̀kan, ó gbá ìwé dé. Ó rò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó mu tíì. Ó rò ó lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé ìwé náà pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí ìjókòó. Ibi tí Fumie ti ń gbálẹ̀ láràárọ̀ nìyẹn. Ẹ ò rí i pé ọlọ́gbọ́n ni.

"Bàbá Chinatsu, kí ni mẹ́sàn-án yìí?"

"Mẹ́sàn-án wo?"

"Èyí tó o fi pẹ́ńsù yí ká lẹ́ẹ̀mẹta."

Kurimoto wo ojú fèrèsé. "Ìṣirò lásán ni."

"Ìṣirò tó o fi ń yangàn káàkiri àdúgbò látọdún márùn-ún, òun ló wá di lásán lónìí? Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin ni igi mi máa tanná tán. O sì mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Ọjọ́ kejìdínlógún lo wá fẹ́ kó gbogbo ayé lọ wo ewé."

"Ìyá Chinatsu, ilé mẹ́tàlélógún ló ti tẹ òǹtẹ̀! Tí mo bá gbé pátákó tuntun jáde lónìí, ọjọ́ kẹtàdínlógún ló máa padà dé ọwọ́ mi. Mo ti ṣírò ìyẹn náà."

"Lọ kanlẹ̀kùn wọn. Wákàtí kan ni gbogbo ẹ̀."

"Kí n máa sáré kanlẹ̀kùn kiri bí ẹni tí ilé ẹ̀ ń jó? Kí n wá ní kí ni? Pé mo ṣàṣìṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó wo ìyàwó rẹ̀ bí ìgbà tó ní kó bọ́ra síhòòhò ní ibùdókọ̀. Fumie kò tíì jáwọ́. Ó fa ìrọ̀rí sún mọ́ ọn, ó jókòó, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ó dáa. Fi àwọn ará àdúgbò sílẹ̀. Jẹ́ káwa méjèèjì lọ lọ́jọ́ kẹsàn-án, ká sì tún bá wọn lọ lọ́jọ́ kejìdínlógún. Mo bẹ̀ ẹ́. Wọ́n máa gé igi yẹn. Kò sí ọdún tó ń bọ̀ mọ́."

"Èmi tí mo ṣètò, kí n kọ́kọ́ yọ́ lọ wò ó ṣáájú àwọn èèyàn mi? Tẹ́nì kan bá rí mi ní ibùdókọ̀ ńkọ́? Kí n wá débẹ̀ lọ́jọ́ kejìdínlógún, kí n máa ṣojú ayé, kí n ní 'Áà!' níwájú ewé? Èmi ò lè ṣe irú ẹ̀ láéláé. Ìwà ẹ̀tàn nìyẹn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn.

Fumie dìde, ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀. Ó dákẹ́ lọ́jọ́ náà, ó dákẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó dákẹ́ títí oṣù kẹta fi parí. Oúnjẹ ń dé lásìkò, tíì ń gbóná, aṣọ ń mọ́. Kurimoto ní àlàáfíà ti padà sílé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, nígbà tó jí, ó bá ìyàwó rẹ̀ ní ilé ìdáná tó ń fi ewé okun wé ìrẹsì, mẹ́ta fún ẹnì kan, mẹ́ta fún ẹnì kejì. Tapólì búlúù ti wà nínú àpò.

"Ọkọ̀ agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ni mò ń wọ̀," Fumie wí. "Màá gba àyè fún ẹ. Ọkọ̀ èyíkéyìí tó o bá wọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, wàá bá mi níbẹ̀."

"Ìyá Chinatsu, mo ti sọ fún ẹ pé..."

"Mo gbọ́ ohun tó o sọ. Mo ní màá gba àyè fún ẹ." Ó wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ.

Kurimoto jókòó ti ìwé rẹ̀, ó ní òun fẹ́ parí ètò ẹni tó máa jókòó ti ẹnì kejì nínú bọ́ọ̀sì. Ẹni tó fi ọdún mẹ́rìndínlógójì ṣètò ọkọ̀ kì í nílò aago. Nígbà tó kọ orúkọ Bàbá Nezu sílẹ̀, ọkọ̀ agogo mẹ́jọ kọjá mẹ́rìndínlógún ti gbéra. Nígbà tó pa orúkọ náà rẹ́, tó tún un kọ, ti agogo mẹ́sàn-án ti ń lọ. Ó mọ̀ pé tòun bá wọ ti agogo mẹ́wàá, òun máa bá bọ́ọ̀sì òkè tó ń gbéra lágogo méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, òun á sì dé ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ní agogo kan kọjá ìṣẹ́jú méjì. Ìlà tó ń fà wọ́. Ọkùnrin tí kò fa ìlà wíwọ́ rí láyé rẹ̀! Ló bá jù rúlà sílẹ̀, ó dìde fùú, ó bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí àpótí bàtà.

Bàtà búráùn rẹ̀, èyí tó máa ń wọ̀ gun òkè, kò sí níbẹ̀.

Ó wo ìsàlẹ̀, ó wo òkè. Ó wo ẹ̀yìn agbòjò. Kò sí. Bàtà mẹ́ta mìíràn wà níbẹ̀ o, wọ́n tò tẹ̀léra, wọ́n ń dán, wọ́n ń wò ó lójú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná, ṣé wọ́n ń fi bàtà ọ́fíìsì gun òkè ni? Rárá o. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé ó ti ní ìdí, ó sì ń dùn ún pé ó ti ní in. Ọkọ̀ agogo mẹ́wàá lọ. Ti mọ́kànlá lọ. Nígbà tí ti agogo méjìlá náà lọ, ó mọ̀ pé kò sí èyí tó lè bá bọ́ọ̀sì ìkẹyìn tó ń gòkè mọ́, ó bá dìde lọ jẹun. Ó ní ìrẹsì náà kò lọ.

Lọ́sàn-án ó jáde síta, ó ní òun máa lọ bi Màmá Tokunaga, tó ń gbé lápá òsì wọn, bóyá ìjókòó tòun á tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ilẹ̀kùn tì. Ó lọ sílé Bàbá Nezu. Mọ́tò kò sí níwájú ilé. Gbogbo òpópónà pa lọ́lọ́, ológbò kan ṣoṣo ló ń yán lórí ògiri. "Wọ́n ń sinmi de ọjọ́ kejìdínlógún," Kurimoto sọ sínú ara rẹ̀, orí rẹ̀ sì wú. "Èèyàn gidi làwọn èèyàn yìí." Ẹ má bi mí léèrè ibi tí èmi wà lọ́jọ́ náà.

Fumie dé nígbà tí ilẹ̀ ṣú. Ó kó ìrẹsì mẹ́ta ti ẹnì kejì sínú àwo, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀.

"Ó tanná," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàtà búráùn wà ní àyè rẹ̀ nínú àpótí. Kurimoto rí i, ó wò ó títí, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó rò ó pé tóun bá béèrè ibi tí bàtà lọ, wọ́n lè béèrè ibi tóun náà lọ.

Ọjọ́ kejìdínlógún dé, gbogbo wa pé láì ku ẹnì kan. A tọ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá. A dé Nirasawa ní aago tí ìwé sọ gẹ́lẹ́. Igi náà dúró láàárín ọgbà, ńlá, pẹ̀lú ojú egbò níbi tí ẹ̀ka ti já, ewé tútù yọ̀yọ̀ sì bò ó láti òkè délẹ̀. Òdòdó kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀, ì báà ṣe fún oògùn. A gbójú sókè, gbogbo wa ké lẹ́ẹ̀kan náà, "Áà! Ó mà rẹwà o! Ẹ kú ètò o, Ọ̀gá Kurimoto!" Kí n sọ òótọ́, a ò ṣe é dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Màmá Tokunaga tiẹ̀ nu ojú.

Kurimoto tẹrí ba, ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀gá yìí kì í fo nǹkan. Bí a ṣe ń gòkè lọ sídìí igi, Bàbá Nezu tó wà níwájú yíjú padà, ó ní, "Ẹ rọra o, òkúta kẹta yẹn ń mì." Ẹnikẹ́ni ò sì tíì tẹ̀ ẹ́. Màmá Tokunaga gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ lọ sí ilé ìtọ̀ láì béèrè ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ kò sí àmì kankan níbẹ̀. Èyí tó wá burú jù, Shigeru dé láti wá kí wa, ó tẹrí ba fún Bàbá Nezu, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, bàbá. Orúnkún yín ńkọ́?" Bàbá Nezu wúkọ́. Shigeru náà wúkọ́. Àwa tó kù bá wọn wúkọ́.

A tẹ́ tapólì. Oníkálùkù bọ́ bàtà, a jókòó, a ṣí àpótí oúnjẹ. Kurimoto to bàtà búráùn rẹ̀ sí etí tapólì. Màmá Tokunaga, tí inú rẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ dúró, wo bàtà, ó wo Kurimoto, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wò ó! Lónìí bàtà yìí ti rí ẹlẹ́sẹ̀ ẹ̀."

Ẹnì kan ń wo ojú ọ̀run, ẹnì kan ń ka ẹ̀wà inú oúnjẹ rẹ̀.

"Kí lẹ sọ, màmá?" Kurimoto béèrè.

"Èmi? Mi ò sọ nǹkan kan."

"Tokunaga, máa jẹun ẹ," Bàbá Nezu wí.

"Ẹ ti rí bàtà mi níbí rí?"

Bàbá Nezu gbé igi méjì tó fi ń jẹun sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún, ó tẹrí ba. "Ọ̀gá Kurimoto, ẹ foríjì wá. Ìṣirò ẹgbẹ̀ta tẹ́ ẹ kọ́ wa la lò, ọjọ́ kẹsàn-án la wá. Kì í ṣe pé a jọ wá o! Oníkálùkù yọ́ wá ni, a kàn bá ara wa níbí. Nígbà tí mo rí Tokunaga lọ́ọ̀ọ́kán, mo sá sẹ́yìn ilé ìtọ̀, àṣé òun náà ti sá fún mi síbẹ̀."

"Gbogbo yín?"

"Kò ku ilé kan," Bàbá Nezu wí, ó sì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe pẹ̀lẹ́ pé, "Ó ku ẹ̀yin."

"Kí ló wá dé tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi pé ọjọ́ tí mo dá ò dáa?"

Bàbá Nezu wò ó tìyanu-tìyanu. "A ti tẹ òǹtẹ̀ ná."

Kurimoto yíjú sí Màmá Tokunaga. Obìnrin náà ti ń sunkún, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe eré. Ó ní, "Ìyàwó yín tẹ́ tapólì sídìí igi níbẹ̀ yẹn, ó gbé bàtà yín sójú ẹ̀ kẹ́nikẹ́ni má jókòó síbẹ̀. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá, wọ́n ń wá láti ìlú míì. Gbogbo ẹni tó bá béèrè pé ṣé èèyàn wà níbí, á ní, 'Ọkọ mi ni. Ó ń bọ̀.' Láti ìyálẹ̀ta. A fún un lóúnjẹ, kò jẹ. Ó ní ẹ ẹ̀ tíì dé."

Kurimoto wo ìyàwó rẹ̀. Ó béèrè ohun tó mọ̀ ọ́n béèrè. "Bọ́ọ̀sì wo lo wọ̀ padà?"

"Ti agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlá," Fumie dáhùn. "Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́rin pẹ́. Mo dúró títí gbogbo ẹni tó gbé gòkè fi sọ̀ kalẹ̀ tán, bóyá o wà nínú wọn."

"Mo wá bàtà yẹn," Kurimoto wí. "Agogo mẹ́wàá. Mo fẹ́ wá. Mi ò rí bàtà, mo bá jókòó."

"O ní bàtà mẹ́ta mìíràn."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní mẹ́ta mìíràn." Ó sọ ọ́ sókè, gbogbo wa gbọ́. Ó wá fi orí kanlẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀ lórí tapólì. "Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Fumie dìde pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lórí koríko, ó gbé bàtà búráùn náà, ó rìn lọ sí ìsàlẹ̀ igi, ní ẹ̀gbẹ́ ojú egbò, ó tò wọ́n sílẹ̀. "Ibí ni," ó ní. Kurimoto tẹ̀lé e, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀. Fumie jókòó tì í. Àwọn méjèèjì gbójú sókè sínú ewé.

"Bá mi sọ bó ṣe rí," Kurimoto wí.

"Rárá," Fumie dáhùn. "Ṣe ni kó o wá."

Ibi tí wọ́n jókòó sí nìyẹn. Nígbà tó di agogo méjì ààbọ̀ tí ìwé ní ká gbéra, dírẹ́fà fọn fèrè. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò dìde. Dírẹ́fà gòkè wá, Bàbá Nezu bu tíì fún un, ó ní kó jókòó. Agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Fumie tó dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn koríko dànù lára aṣọ rẹ̀, ó na ọwọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú la fi pẹ́. Ọ̀gá Kurimoto ṣí ìwé rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó gbé pẹ́ńsù, ó tún gbé e sílẹ̀, kò kọ ọ́ síbì kankan.

Wọ́n gé igi náà lóṣù kẹfà. Ọjọ́ tí wọ́n dá náà ni wọ́n gé e gẹ́lẹ́, wọn ò fi wákàtí kan yẹ̀ ẹ́.